Ẹ Bi Mẹkáníìkì: Ṣéènì Tó Le Jù, Bẹ́líìtì Tó Dẹ̀ Jù

Ìkòròdú ni gbogbo lẹ́tà tí a fẹ́ dáhùn lónìí ti wá, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń béèrè ohun kan náà: ohun tó ń gbé agbára kúrò lára ẹ́ńjìnì lọ bá táyà ẹ̀yìn, báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ṣéènì ni ti èyí tó pọ̀ jù, bẹ́líìtì ni ti ẹni méjì. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Ìbéèrè: Sábó ni mo ti ń gbérò, mo máa ń dé Ìmọ̀ta lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Mẹkáníìkì mi fa ṣéènì lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú ó tún ti ń lu ìdérí rẹ̀ kan-kan-kan. Bí mo bá gbé máṣíìnì sórí sítáńdì tí mo ń yí táyà, ibì kan á dẹ̀, ibì kan á le. Mélòó gan-an ló yẹ kó dẹ̀? *Ọlọ́kadà, Sábó.*

Ìdáhùn: Kò sí ṣéènì tó ń gbó dọ́gba yípo. Píìnì, irin kékeré tó so ojú ṣéènì kan mọ́ èkejì, á ti jẹ níbì kan ju ibòmíràn lọ, sprocket náà, irin eléyín tí ṣéènì wé mọ́, lè má rí róbótó mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì etí títì ń ṣe ni pé wọ́n á fọwọ́ kan ibi tó bá kọjú sí wọn, bó bá ti dẹ̀, wọ́n á fà á. Wọn ò yí táyà wò. Ibi tó ti le tẹ́lẹ̀ lápá kejì á wá le bí ọṣán ọrun. Ibi tó le jù la fi ń ṣètò ṣéènì. Ibi tó dẹ̀ máa dẹ̀ ju iye tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iye rẹ̀ ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì 100cc sí 150cc tí wọ́n fi ń gbérò, iye tí ìwé rẹ̀ máa ń sọ kì í kúrò láàárín mìlímítà 20 sí 35. Ẹ wo ara fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn (apá irin méjì tó di táyà ẹ̀yìn mú) tàbí ìdérí ṣéènì, wọ́n sábà máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọn tó kọ iye ti máṣíìnì yín gan-an. Bí bébà bá ti bó tí ìwé ò sì sí, ẹ fi í sí 25 sí 30. Ẹni tí kò bá ní rúlà lọ́wọ́, ìbú ìdérí ìgò oníke tí wọ́n fi ń ta ẹlẹ́rìndòdò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 30. Bí ṣéènì bá rìn ju ìbú ìdérí kan lọ díẹ̀, kò tíì burú. Bó bá rìn tó méjì, ó ti fẹ́ já bọ́ lórí eyín.

Lílọ sókè àti wíwá sílẹ̀ pa pọ̀ ni mìlímítà tí à ń sọ yìí. Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ nìkan, á ka 30, á fi ara balẹ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n: ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi jíà sí niútírà, ẹ gbé e sórí sítáńdì ńlá níbi tó tẹ́jú. (Bí ìwé bá ní orí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kí táyà kan ilẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìwé, torí ìdúró yẹn ni iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá mu.) Ẹ wá àárín ṣéènì ìsàlẹ̀, ìdajì ọ̀nà láàárín sprocket iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ìdí rúlà kanlẹ̀ kó dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ mú ojú píìnì kan. Ẹ fi ìka kan tẹ ṣéènì sísàlẹ̀ títí kò fi ní lọ mọ́, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lójú píìnì. Ẹ tì í sókè, ẹ tún kà á. Bó bá wà ní 250 nísàlẹ̀ tó sì dé 278 lókè, ìdẹ̀ yín jẹ́ 28. Ẹ yí táyà díẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ibi mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó le jù, kí ẹ yí i padà wá síbi rúlà.

Ibẹ̀ ni títú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa kọ́tà píìnì, wáyà tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, yọ bó bá ní in. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ásùlù, irin tó gba àárín táyà ẹ̀yìn kọjá. Ẹ má tú u tán. Àwọn máṣíìnì kan ní nọ́ọ̀tì kejì tó nípọn níhà sprocket, bí ẹ kò bá dẹ ìyẹn náà, ẹ̀gbẹ́ kan á máa rìn, èkejì á dúró gbagidi. Ẹ má gbàgbé nọ́ọ̀tì irin gbọọrọ tó di ilé bíréèkì mú. Lẹ́yìn náà ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kékeré tó ń ti ajọ́sítà (bóòtì tó ń fa táyà sẹ́yìn) pa lápá méjèèjì, kí ẹ wá máa yí ajọ́sítà ní ìdajì ìdajì: ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Lára bóòtì M8 (tó nípọn ní mìlímítà 8), yíyí kan odindi ń fa táyà sẹ́yìn ní mìlímítà 1.25; lára M6, mìlímítà 1. Ẹ rí i pé díẹ̀ báyìí ti pọ̀, ẹ máa wọ̀n bí ẹ ṣe ń yí.

Kí ẹ tó di ásùlù, ẹ ka àwọn ilà tó wà lára fọ́ọ̀kì lápá ọ̀tún àti òsì. Iye kan náà ni kí wọ́n jẹ́. Àmọ́ ilà yẹn kì í fi gbogbo ìgbà sọ òótọ́, pàápàá lára fọ́ọ̀kì tí wọ́n ti jó wẹ́dà sí rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn máṣíìnì, ẹ dì ojú kan, ẹ wo ṣéènì òkè láti ẹ̀yìn lọ síwájú bí ẹni ń wo pátákó bóyá ó wọ́. Ó gbọ́dọ̀ tọ́ láti eyín ẹ̀yìn dé eyín iwájú. Bí eyín sprocket bá ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìkan, táyà wọ́.

Ohun kan tí wọ́n sábà máa ń fò: ẹ ká àkísà kan, ẹ fi sáàárín ṣéènì ìsàlẹ̀ àti sprocket ẹ̀yìn, ẹ rọra yí táyà síwájú kí ó fún àkísà náà. Ìyẹn á fa ásùlù síwájú kó fìdí mọ́ ajọ́sítà pinpin, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá di nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ìka yín kò gbọdọ̀ sí nítòsí eyín nígbà náà. Lẹ́yìn dídì, ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí nọ́ọ̀tì ásùlù nìkan lè gba mìlímítà méjì mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Kọ́tà píìnì tuntun, kì í ṣe ìṣó.

Ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn náà wò. Bí táyà bá sún sẹ́yìn, ọ̀pá bíréèkì á fà, bíréèkì á máa há. Kí pẹ́dà rìn tó mìlímítà 20 sí 30 kó tó mú, kí iná ẹ̀yìn sì tàn nígbà tó bá mú.

Ní ti pé ọjọ́ méjì péré ló fi dẹ̀ padà, ẹ dá ẹjọ́ náà báyìí: bí ẹ bá ti fà á tán, ẹ fi báírò fa ilà tín-ín-rín kan láti ara ajọ́sítà dé ara fọ́ọ̀kì. Nígbà tó bá tún dẹ̀, ẹ wo ilà náà. Bí ilà bá ti pín, ásùlù ló ń yọ̀. Wọn kò dì í dáadáa tàbí ojú nọ́ọ̀tì ti jẹ. Bí ilà bá wà bó ṣe wà, ṣéènì ló ti gbó, ẹ ka èsì tí a fún ará Òwùtù. Ẹni tó ń sá 100 kìlómítà lójúmọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, torí 500 kìlómítà la fi ń dá a. Ṣéènì tuntun, ẹ wò ó ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń fà jù.

Ìbéèrè: Máṣíìnì mi ni wọ́n fi ń kó iṣu láti Agbọ̀wá wá fún mi. Nítorí ẹrù, mo ní kí mẹkáníìkì máa fa ṣéènì le dáadáa kó má baà já bọ́ lọ́nà. Láàárín oṣù mẹ́ta, bíárìn táyà ẹ̀yìn ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, óìlì sì ń jò níbi sprocket iwájú. Ṣé ayédèrú ni bíárìn tí wọ́n ń rà ni? *Ìyá Ìbejì, Ìgbógbo.*

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ayédèrú, Ìyá, ṣùgbọ́n èyí tó dáa náà ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣéènì tí ẹ ní kí wọ́n fà le yẹn ló ń jẹ ẹ́.

Fọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bí máṣíìnì ṣe ń wọ kòtò. Ibi tó so mọ́ lára férémù kọ́ ni sprocket iwájú wà. Sprocket wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí fọ́ọ̀kì ṣe ń gun òkè, ọ̀nà láti sprocket iwájú dé ásùlù ń gùn sí i. Ìgbà tó gùn jù ni ìgbà tí ohun mẹ́ta bá wà lójú ìlà kan: sprocket iwájú, ibi tí fọ́ọ̀kì ti so mọ́ férémù, àti ásùlù. Ẹrù ló sì ń tẹ máṣíìnì débẹ̀. Ṣéènì tó dẹ̀ ní mìlímítà 25 lórí sítáńdì lè ku díẹ̀ báyìí bí iṣu bá ti wà lẹ́yìn. Èyí tó ti le tẹ́lẹ̀ lórí sítáńdì kò ní ibi tí yóò lọ mọ́, yóò máa fa sprocket iwájú sẹ́yìn, yóò sì máa fa táyà síwájú ní gbogbo kòtò. Bíárìn ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ lọ. Óìlì tí ẹ rí yẹn, síìlì tó wà lẹ́yìn sprocket iwájú ló ti jẹ, torí irin tó jáde láti inú jíà ti ń wọ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pààrọ̀ síìlì tí bíárìn inú jíà sì ti dẹ̀, óìlì á tún jò. Àtúnṣe ìyẹn sì gba pé kí wọ́n la ẹ́ńjìnì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán èyí wò lójú yín. Kí ẹni méjì tó sanra jókòó sórí rẹ̀, táyà nílẹ̀, ẹ́ńjìnì ní pípa, kí ẹnìkẹta fi ìka gbé ṣéènì ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣì mì. Bí kò bá mì, kí wọ́n dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹlẹ́rù tó wúwo, apá tó dẹ̀ nínú iye tí ìwé sọ ni kó máa lò: bí ìwé bá ní 25 sí 35, kí tiyín wà ní 35.

A kò sọ pé kí ó wá dẹ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ o. Ṣéènì tó já bọ́ lórí eyín lè ká mọ́ sprocket iwájú, kó dá táyà dúró lójijì lórí eré, ó sì lè la ara ẹ́ńjìnì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dẹ̀ ń pariwo kó tó ṣe ọṣẹ́, èyí tó le kì í sọ̀rọ̀. Ìdí tí ọwọ́ wa fi le lórí rẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ra Harley-Davidson àlòkù, bẹ́líìtì ló ń lò dípò ṣéènì. Bí mo bá ti ń rọra lọ, ó máa ń ké fíín-fíín bí ọmọ adìẹ. Mẹkáníìkì àdúgbò bu óìlì sí i, ó dákẹ́ fún ọjọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fà á le. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bó ṣe yẹ kó le tó? *Ọmọ Ẹbúté.*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé óìlì yẹn kúrò. Bẹ́líìtì kì í mu óìlì, kì í mu gíríìsì. Irú tí Harley ti ń lò láti 1980, rọ́bà líle eléyín ni tí wọ́n na okùn tó lágbára gan-an sínú rẹ̀. Gbígbẹ ló fi ń ṣiṣẹ́. Óìlì á lẹ yanrìn mọ́ ọn, yanrìn ọ̀hún á wá di sáńpépà láàárín eyín bẹ́líìtì àti eyín irin. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ̀ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ da omi mímọ́ lé e. Bóyá ibẹ̀ gan-an ni igbe yẹn á parí sí, nítorí eruku lásán lè mú un ké.

Ohùn rẹ̀ máa ń sọ tẹnu rẹ̀. Fíín-fíín bí ọmọ adìẹ: eruku ni, tàbí táyà wọ́ tí etí bẹ́líìtì ń ha ògiri sprocket. Híhu gbọọrọ tó ń ga bí eré ṣe ń ga: ó le jù. Tàà! kan nígbà tí ẹ bá já kílọ́ọ̀ṣì lójijì: ó dẹ̀ débi pé eyín ti ń fò. Tiyín kò jọ èyí tó dẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó fà á kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà tí a fi ń wọn ṣéènì kò bá bẹ́líìtì lọ. Ṣéènì máa ń mì fàlàlà títí yóò fi dé ibi tó le, ìka ọmọdé àti ti géńdé á kà á bákan náà. Bẹ́líìtì kì í mì fàlàlà. Bí ẹ bá ṣe tì í tó ni yóò ṣe lọ tó. Nítorí náà nọ́ńbà méjì ló ní: agbára tí ẹ fi tì í, àti ibi tó dé. Ti Harley, agbára náà jẹ́ póùn 10, ìyẹn kìlógíráàmù 4.5, ní àárín bẹ́líìtì ìsàlẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà fún un, igi kékeré onísípíríǹgì tó ní ìlà póùn lára, orí rẹ̀ ni ẹ ó fi ti bẹ́líìtì sókè. Bí kò bá sí, òṣùwọ̀n onísípíríǹgì tó ní ìwọ̀ nísàlẹ̀, irú èyí tí ẹlẹ́ja Báyékù fi ń gbé ẹja kọ́, ṣe é lò. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ tó lágbára kọ́ bẹ́líìtì, kí ìwọ̀ má ha á, ẹ fà á wálẹ̀ títí òṣùwọ̀n fi sọ 4.5, kí ẹnìkejì ka rúlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tó yẹ kó dé yàtọ̀ láti máṣíìnì kan sí òmíràn. Ti àwọn kan kò tó mìlímítà 10, ti òmíràn lọ sí 15 tàbí 16. Àwọn kan ń fẹ́ kí a wọ̀n ọ́n lórí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ láìsí ẹnì kankan lórí rẹ̀, àwọn kan ń fẹ́ kí olówó rẹ̀ jókòó. Orúkọ àti ọdún máṣíìnì yín ni ẹ ó fi wá ìwé rẹ̀, ẹ má yá iye ti ọ̀rẹ́ yín lò. Òwúrọ̀ kí ẹ tó gùn ún ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ tutù, torí irin ẹ́ńjìnì ń wú bó bá gbóná, ó sì ń yí iye náà padà. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn, ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin. Ibi tó le jù ni ẹ ó fi ṣètò. Ìyẹn kan náà bá ti ṣéènì.

Bó bá ní láti yí: ẹ yọ kílíìpù tàbí kọ́tà píìnì, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ásùlù, kí ẹ yí ajọ́sítà ní ojú kan ojú kan. Orí bóòtì ní ojú mẹ́fà. Ojú kan lọ́tùn-ún, ojú kan lósì, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ti le kọjá, ẹ má kàn dẹ ajọ́sítà kí ẹ sì dì í, nítorí ajọ́sítà mọ fífà, kò mọ títì. Ẹ dẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ ti táyà síwájú, kí ẹ wá fà á padà wá síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Fún títọ́ rẹ̀, ẹ wọ̀n láti àárín bóòtì tí fọ́ọ̀kì fi so mọ́ férémù dé àárín ásùlù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kí wọ́n bára mu. Lẹ́yìn náà ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i síwájú bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ wo ibi tí bẹ́líìtì fìdí sí. Bó bá kan ògiri sprocket fẹ́ẹ́rẹ́, kò burú. Bó bá fẹ̀yìn tì í pinpin, tó sì ń bu rọ́bà dúdú sílẹ̀, táyà wọ́, igbe ọmọ adìẹ yín nìyẹn. Tọ́ọ̀kì sípánà, èyí tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, ni kí wọ́n fi di ásùlù ní iye tí ìwé kọ, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún wọn bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ẹ bá wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo bẹ́líìtì náà yípo. Ìlà tín-ín-rín bí irun nínú ìdí eyín, tàbí okùn tó ń yọ bí òwú létí: ẹ ṣì lè lò ó, ẹ kàn máa ṣọ́ ọ. Bí eyín kan bá ti ká, bí ẹ̀yìn bẹ́líìtì bá ti là, tàbí bí eyín rẹ̀ bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Òkúta ni ọ̀tá rẹ̀ jù lọ ní ọ̀nà wa. Bí òkúta bá dá ihò sáàárín, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá jẹ́ etí ló bù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ká a kéré ju ìbú sprocket iwájú lọ, tàbí kó yí inú rẹ̀ sóde, tàbí kó fi sikirudiráfà kọ́ ọ gun sprocket. Okùn inú rẹ̀ á ṣẹ́, kò ní hàn, bó bá dọ̀la á já. Kò sì ní lọ́ọ̀kì bíi ti ṣéènì tí wọ́n lè so lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn 1,600 kìlómítà àkọ́kọ́ ti bẹ́líìtì tuntun, ẹ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 8,000 kìlómítà síra wọn. Kì í fà bíi ṣéènì. Bó bá ń béèrè fífà lóṣooṣù, nǹkan mìíràn ló ń dẹ̀.

Ìbéèrè: Óìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnì ni mo ń dà sí ṣéènì láràárọ̀, síbẹ̀ kì í pẹ́ oṣù mẹ́rin. Yanrìn pọ̀ lọ́nà wa. *Ìjẹ̀dẹ́.*

Ìdáhùn: Óìlì dúdú yẹn ti kún fún ìdàrọ́ irin àti èédú. Ó ṣàn, nítorí náà kò ní dúró lórí ṣéènì, èyí tó bá sì dúró á kó yanrìn mọ́ra.

Ẹ lo óìlì jíà SAE 90. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì, ẹ nù ún gbẹ. Ìgbà tí ẹ bá ti dé nírọ̀lẹ́ tí ó ṣì gbóná ni kí ẹ kán óìlì sí i, sí inú ṣéènì ìsàlẹ̀, ìyẹn ojú tó ń kan eyín, ní ojú ìpàdé àwọn irin pẹlẹbẹ, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà bí ẹ ṣe ń kán an. Ṣíbí ìmùkọ méjì pọ̀ tó fún odindi ṣéènì. Ó di àárọ̀, ẹ fi àkísà nu èyí tó wà lóde kúrò. Inú ló wúlò sí. Bí òjò ńlá bá pa á, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá rí òrùka rọ́bà kéékèèké láàárín irin ṣéènì, ẹ má fi pẹtiróòlù kàn án, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì kó máa yí i fún yín. Ìka ni wọ́n fi ń san ìyẹn.

Ìbéèrè: Ajọ́sítà mi ti dé ìpẹ̀kun, ṣéènì ṣì dẹ̀. Mẹkáníìkì ní òun á gé ojú méjì kúrò, mi ò ní ra tuntun. Ṣé kó gé e? *Òwùtù.*

Ìdáhùn: Rárá. Irin ṣéènì kì í nà bíi rọ́bà. Píìnì àti ihò rẹ̀ ló ń jẹ, tí ojú kọ̀ọ̀kan fi ń jìnnà sí èkejì. Bí ẹ bá gé méjì, àwọn tó kù ṣì jìnnà síra wọn bákan náà. Eyín sprocket kò gbòòrò pẹ̀lú wọn, ṣéènì á máa gun orí eyín, á sì máa fò.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ń lo ṣéènì 428, nọ́ńbà náà sì wà lára irin rẹ̀. Láti píìnì kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 12.7. Ẹ na ṣéènì ìsàlẹ̀ kó le, ẹ ka píìnì 21, ẹ wọ̀n láti àárín èkínní dé àárín ìkọkànlélógún. Tuntun jẹ́ 254. Bó bá ti dé 259, ó ti tán. Bí kò bá sí rúlà, ẹ di ṣéènì mú ní ẹ̀yìn pátápátá sprocket ẹ̀yìn, ẹ fà á sẹ́yìn. Bó bá ṣí kúrò débi tí ẹ fi rí ìdajì eyín, ẹ má wulẹ̀ wá rúlà mọ́. Ẹ wo eyín náà: eyín tuntun dọ́gba lápá méjèèjì, èyí tó gbó máa ń tẹ̀ síhà kan bí ìwọ̀ ẹja.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀: ṣéènì, sprocket iwájú, ti ẹ̀yìn. Ṣéènì tuntun lórí eyín àtijọ́ kì í pẹ́ tó fi ń dà bí èyí tí ẹ yọ. Ìgbà tí gígé bá tọ́ ni ìgbà tí ṣéènì tuntun bá gùn ju ti máṣíìnì yín lọ, méjì méjì náà la sì ń gé e.

Bí wọ́n bá ń fi lọ́ọ̀kì rẹ̀ sí i, ẹ dúró tì wọ́n. Kílíìpù lọ́ọ̀kì ní orí kan tó dì àti ìdí kan tó là. Orí tó dì ni kó máa kọjú síbi tí ṣéènì ń sá lọ. Bí lọ́ọ̀kì bá wà lókè, iwájú máṣíìnì ni orí yẹn á máa wò. Bí wọ́n bá yí i padà, ohun tó bá gbá a lójú ọ̀nà lè fẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Súkútà tí kò ní jíà ni mo fi ń jíṣẹ́ oúnjẹ. Kò sáré mọ́ bíi tẹ́lẹ̀, wọ́n ní bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀. Níbo ni ajọ́sítà rẹ̀ wà? *Odógunyàn.*

Ìdáhùn: Kò ní. Sípíríǹgì tó wà ní púlì ẹ̀yìn ló ń fà á fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn kò dẹ̀, ó tín-ín-rín ni. Bí ìbú rẹ̀ bá ti dínkù, á máa rì sínú púlì iwájú, kò ní lè gun òkè púlì mọ́, ibẹ̀ ni eré ti ń sọ nù.

Ẹ ṣí ìdérí apá òsì, ẹ ka nọ́ńbà ara bẹ́líìtì. Bó bá kọ 842-20-30, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 842, ìbú rẹ̀ 20, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dà ní dígíríì 30. Ẹ fi kálípà wọn ìbú níbi mélòó kan. Bó bá ti fi mìlímítà 1 sí 1.5 dín sí nọ́ńbà yẹn, tàbí tó ti là nínú, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí púlì iwájú bá ti wà nílẹ̀, ẹ wo àwọn rólà mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè yí mọ́, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ nu ìyẹ̀fun dúdú kúrò lójú púlì méjèèjì kó gbẹ, láìsí òróró, kí ẹ tó dé e.